Oògùn Kòrónà: Kí Ni Ká Kọ́kọ́ Náwó Lé?

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2020 ni Amẹ́ríkà fọwọ́ sí remdesivir, oògùn tí wọ́n ń fà sínú iṣan àwọn tí àrùn kòrónà dá dùbúlẹ̀ sí ọsibítù. Ìwádìí kan níbẹ̀ fi hàn pé ọjọ́ 10 ni ara àwọn tó gbà á fi ń yá, dípò ọjọ́ 15. Ó dára bẹ́ẹ̀. Àmọ́ lóṣù yẹn kan náà, Àjọ Ìlera Àgbáyé ní àwọn ò rí i pé ó dín ikú kù tó bẹ́ẹ̀; nígbà tó yá ni wọ́n rí àǹfààní díẹ̀ fún àwọn tí kò tíì dórí ẹ̀rọ amúnimí. Ṣùgbọ́n dexamethasone, oògùn àtijọ́ tí kò wọ́n, dín ikú àwọn tó wà lórí ẹ̀rọ kù ní ìdá kan nínú mẹ́ta. Nítorí náà, kí ìjọba kọ́kọ́ rí i pé dexamethasone àti ọ́síjìn wà ní gbogbo wọ́ọ̀dù.