Ta Ni Yóò Rí Ìwé Ilé Tí A Ń Ṣiṣẹ́ Nínú Rẹ̀?

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lọ́tẹ̀ yìí lè dà bí ọ̀rọ̀ àwọn oní-kọ̀ǹpútà. Ṣùgbọ́n orí ẹni tó wà lábẹ́ òrùlé ni òrùlé ń wó lé, nítorí náà ọ̀rọ̀ tiwa ni.

Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ń ṣe irinṣẹ́ kan fún AI, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí a fún ní ọgbọ́n àtọwọ́dá, irú èyí tí a lè rán níṣẹ́ bí ọ̀gá ti ń rán mẹ́sẹ́ńjà ọ́fíìsì. Iṣẹ́ irinṣẹ́ náà ni láti wá ìwé ilé: pílánì, ìwé àṣẹ ìkọ́lé, ìṣirò ẹnjiníà lórí òpó àti irin, àbájáde àyẹ̀wò ilẹ̀, àwòrán ibi tí wáyà iná àti páìpù omi gbà. Ní ti ilé ńlá kan, irú ìwé bẹ́ẹ̀ lè tó ẹgbẹẹgbẹ̀rún, orúkọ tí wọ́n fi pamọ́ kò sì bára mu. Ẹ̀rọ náà yóò ka inú fáìlì kọ̀ọ̀kan, yóò wo ọjọ́ tí wọ́n kọ ọ́ àti ẹni tó fọwọ́ sí i, yóò sì gbé èyí tí a béèrè wá. Ohun tí akọ̀wé ń fi odidi ọjọ́ wá, ẹ̀rọ lè rí i kí ènìyàn tó mu omi tán.

A kò bá wọn jà sí i. Ẹni tó ń kọ ọ̀rọ̀ yìí wà níbi iṣẹ́ kan, tí a kò ní dárúkọ, lọ́jọ́ tí wọ́n ní kí wẹ́dà kan gbẹ́ ilẹ̀ láti ri irin mọ́lẹ̀. A béèrè ibi tí wáyà iná gbà. Wọ́n wá pílánì títí, wọ́n kò rí i. Ikán ti jẹ kọ́bọ́ọ̀dù tí wọ́n ní ó wà nínú rẹ̀. Ọ̀gá ní kí iṣẹ́ máa lọ. Dígà kan wáyà. Ọkùnrin náà yè, ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kò tún di irin mú mọ́.

Ẹ wo ti Ìkòyí, ní Èkó. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kọkànlá ọdún 2021, ilé alájà 21 tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́ ní òpópónà Gerrard wó lulẹ̀. Ó lé ní 40 ènìyàn tó kú, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì jẹ́ òṣìṣẹ́ tó ń kọ́ ilé náà. Ẹni tó ni ilé bá wọn lọ. Wọn kò tíì yọ òkú tán lábẹ́ àwókù tí ọ̀gá kan nínú iṣẹ́ ìjọba fi sọ pé alájà 15 ni àwọn fọwọ́ sí. Igbákejì gómìnà ní rárá, 21 ni. Ẹ gbọ́ ná: iye àjà tí a fọwọ́ sí, ṣé ohun tí à ń fi ẹnu jiyàn lé lórí ni? Ìwé ni à ń ṣí. Ẹ̀rọ tí à ń wí yìí ì bá rí ìwé náà ká ní wọ́n tọ́jú rẹ̀ bó ti yẹ. Ṣùgbọ́n bíríkìlà tó ń ru kọnkéré gòkè, ta ni yóò gbà kí ó bi ẹ̀rọ léèrè?

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyẹn, àwọn òṣìṣẹ́ ilẹ̀ Bangladesh sì ti fi ẹ̀mí wọn kọ́ wa. Ilé alájà 8 kan wà nítòsí ìlú Dhaka tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Rana Plaza, ilé iṣẹ́ aránṣọ márùn-ún wà nínú rẹ̀. Wọ́n ti kọ́ àjà kún un láìgba àṣẹ, wọ́n sì gbé ẹ̀rọ àti jẹnẹrétọ̀ sórí àjà tí wọn kò kọ́ fún irú ẹrù bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹrin ọdún 2013, ilé náà sán. Bánkì tó wà nísàlẹ̀ ní kí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ máa lọ ilé. Àwọn aránṣọ ní tiwọn, wọ́n ní kí wọ́n padà sẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì. Òwúrọ̀ ọjọ́ náà ni ilé wó. Ènìyàn 1,134 ni ó kú.

Ilé kan náà ni o, ògiri kan náà ni ó sán. Nínú oṣù Karùn-ún ọdún náà ni àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ àgbáyé bá àwọn ilé iṣẹ́ ńlá tó ń ta aṣọ ní Yúróòpù fọwọ́ sí àdéhùn tó ní agbára òfin. Àwọn ẹnjiníà yẹ fáktírì tó lé ní 1,000 wò, wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ síta kí ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ kà á, títí kan òṣìṣẹ́. Àdéhùn náà tún fún òṣìṣẹ́ ní ẹ̀tọ́ láti kọ̀, kí ó má wọ ilé tó léwu. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú, lẹ́yìn tí iná pa ènìyàn 72 nínú ilé Grenfell ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù ní 2017, òfin ọdún 2022 ní kí àwọn onílé gíga máa tọ́jú ìwé ilé wọn sínú kọ̀ǹpútà.

Ẹ̀rọ náà ní àléébù tirẹ̀. Ó lè gbé pílánì àtijọ́ wá nígbà tí wọ́n ti wó ògiri yẹn tipẹ́. Bí kò bá rí ohun tó ń wá, ó lè fi ìdánilójú sọ ohun tí kò sí. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má gba ọ̀rọ̀ ẹnu ẹ̀rọ. Kí ó gbé ìwé náà jáde, pẹ̀lú ọjọ́ àti ìbuwọ́lùwé. Àwọn akọ̀wé fáìlì ń bẹ̀rù pé yóò gba iṣẹ́ wọn, ẹ̀rù náà kì í sì í ṣe lásán. Èrò tiwa ni pé ẹni tó mọ fáìlì ni ó yẹ kí a fi ṣe alábòójútó ẹ̀rọ.

Níbí ní Ìgbẹ́tì, lábẹ́ Òkè Ìyámọ̀pó, òkúta mábù tí à ń wà, tí àwọn awakọ̀ wa ń kó lọ, ilé ẹlòmíràn ni wọ́n fi ń ṣe lọ́ṣọ̀ọ́. Sẹ́ẹ̀dì tí à ń lọ òkúta nínú rẹ̀ ńkọ́? Ibi tí a ti ń tún mọ́tò ṣe ńkọ́? Òfin àwọn ilé iṣẹ́ ti ọdún 1987 pa á láṣẹ pé kí a forúkọ fáktírì sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba, kí ìwé àkọsílẹ̀ sì wà níbẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ tún gbé ìlànà ilé kíkọ́ jáde ní 2006. Ìwé tí òfin ní kó wà, kí a fi í hàn wá.

Ohun tí ẹ̀ka wa yóò gbé síwájú àwọn agbanisíṣẹ́ ni pé kí ẹ̀dà ìwé ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan wà lọ́wọ́ akọ̀wé ẹgbẹ́. Bí wọ́n bá sì ra ẹ̀rọ yìí lọ́la, kí aṣojú òṣìṣẹ́ lè bi í léèrè láìgba àyè lọ́wọ́ máníjà. Ní báyìí ná, ẹ̀yin bíríkìlà àgbà àti ẹ̀yin oníná tí ẹ ti fẹ̀yìn tì, tí ẹ mọ ibi tí wáyà gbà àti òpó tí kò ní irin tó, ẹ wá sí ìpàdé. Ẹni tó bá ní pílánì àtijọ́ nínú àpótí, kí ó mú un dání, bí ó tilẹ̀ ti ya.