Ilé Àṣà Kì í Ṣe Gbọ̀ngàn Àríyá Lásán

Ní 1928, Dókítà John Randle fi owó ara rẹ̀ ṣe odò ìlúwẹ̀ẹ́ sí Oníkàn, kí àwọn ọmọ Èkó, ìlú tí omi yí ká, lè kọ́ bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́. Ibẹ̀ náà ni ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó wá kọ́ ilé àṣà àti ìtàn Yorùbá tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ sí, èyí tí Ààrẹ Buhari ṣí ní oṣù kìn-ín-ní 2023. Wọ́n tún odò náà ṣe mọ́ ọn, ohun tó sì wù mí jù níbẹ̀ nìyẹn: ohun tí ará ìlú ń lò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí à ń wò. Ó yẹ kí àwọn ilé àṣà wa yòókù rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ bi ará Ìbàdàn léèrè ohun tí wọ́n ń ṣe ní ilé àṣà Mọ́kọ́lá. Ìgbéyàwó àti ìpàdé ni yóò kọ́kọ́ dárúkọ. Ti Kútọ̀ l'Abẹ́òkúta náà ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Àmọ́ ní São Paulo, ní ilẹ̀ Bùràsíìlì, láti 2003 ni ìjọba ìlú ti ń kọ́ àwọn ọgbà tí wọ́n ń pè ní CEU sí àdúgbò àwọn mẹ̀kúnnù: ilé ẹ̀kọ́, ibi ìkàwé, gbọ̀ngàn eré àti odò ìlúwẹ̀ẹ́ lójú kan náà.

Àwọn kan á ní owó àríyá ló ń gbọ́ bùkátà àwọn ilé àṣà wa. Òótọ́ ni, àmọ́ òpin ọ̀sẹ̀ ni àríyá máa ń pọ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ ńkọ́? Wọ́n lè máa ṣe iṣẹ́ ará ìlú níbẹ̀, bíi kíkọ orúkọ ọmọ tuntun sílẹ̀. Wọ́n á tún ní sẹkitéríàtì ìjọba ìbílẹ̀ wà fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó wà lóòótọ́. Ìyá ọlọ́mọ á débẹ̀, wọ́n á na fọ́ọ̀mù sí i, Gẹ̀ẹ́sì látòkè délẹ̀. Yóò wá máa wá ẹni tí yóò bá a kọ ọ́, onítọ̀hún á sì gbowó. Inú ilé tí wọ́n kọ́ nítorí Yorùbá ló yẹ kó ti bá òṣìṣẹ́ tí yóò kọ orúkọ ọmọ rẹ̀ tàmì-tàmì. Ẹni tó bá sì ń bẹ̀rù pé àṣà yóò di iṣẹ́ ọ́fíìsì, kó rántí ààfin: ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gbẹ́jọ́, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣọdún, ọjà ọba sì wà níwájú rẹ̀. Àwọn baba wa ò pín in sọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Kí ìjọba Ọ̀yọ́ àti Ògùn kọ́kọ́ dán an wò: ibi ìkàwé ọmọdé, nọ́ọ̀sì alábẹ́rẹ́ àjẹsára, àti akọ̀wé ìbí kan tó gbọ́ Yorùbá. Kò gba kí wọ́n kọ́lé tuntun. Ilé ti wà nílẹ̀.