Ẹ Má Kàn Bọ́ Àwọ̀ Fọ́tò

Àwọn fọ́tò yín tẹ̀ wá lọ́wọ́, wọ́n dára. Ṣùgbọ́n dúdú àti funfun ni ìwé wa. Bí kọ̀ǹpútà bá kàn bọ́ àwọ̀ kúrò, bíríkì pupa Speicherstadt ní Hamburg àti òrùlé bàbà rẹ̀ tó ti di àwọ̀ ewé lè di eérú kan náà. Ẹ tún àwọ̀ kọ̀ọ̀kan ṣe lọ́tọ̀: ẹ gbé pupa sókè, bíríkì á mọ́, ẹ fa àwọ̀ ewé wálẹ̀, òrùlé á ṣú. Ní Tempelhofer Feld, pápá ọkọ̀ òfuurufú Berlin tí wọ́n tì ní 2008, ẹ fa búlúù wálẹ̀, ìkùukùu á yọ kedere. Ẹ tọ́jú fọ́tò aláwọ̀ sọ́tọ̀ o; àwọ̀ tí a bá pa rẹ́ kì í padà.