Ẹ Jẹ́ Kí Wọ́n Ṣiṣẹ́: Ìpè sí Yorùbá Ìlú Ọba

Ẹ̀yin ará wa ní Peckham, ní Manchester, ní Birmingham àti káàkiri Ìlú Ọba, bí ẹ kò bá tíì wo His House, ẹ wò ó lọ́sẹ̀ yìí. Remi Weekes ló darí rẹ̀, ó jáde lórí Netflix ní ọdún 2020, ọmọ wa méjì, Ṣọpẹ́ Dìrísù àti Wùnmí Mosaku, ló sì jẹ́ òpó eré náà. Fíìmù adẹ́rùbani ni. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín kì í fẹ́ fojú kan ohun tó jọ mọ́ òkú àti iwin, kódà ìgbàgbọ́ àwọn mìíràn kò fàyè gbà á. Ẹ fara dà á, ẹ wò ó.

Bol àti Rial ni tọkọtaya inú rẹ̀. Ogun lé wọn kúrò ní South Sudan, ọmọbìnrin tó wà lọ́wọ́ wọn bómi lọ lójú òkun, wọ́n sì gúnlẹ̀ sí Ìlú Ọba. Ìjọba fún wọn ní ilé kan tí ìdọ̀tí kún inú rẹ̀, tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ti yọ. Wọ́n kìlọ̀ fún wọn: ẹ ò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́, ẹ ò gbọdọ̀ kó kúrò níbí. Kò pẹ́ tí òkú bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ nínú ògiri. Bí a bá ń wo irú fíìmù báyìí, àwa òǹwòran máa ń pariwo pé kí wọ́n sá jáde nínú ilé náà. Bol àti Rial kò lè sá. Bí wọ́n bá jáde, ìjọba lè dá wọn padà sẹ́nu ogun tí wọ́n sá fún. Ẹni tó níbi tó lè lọ nìkan ló lè sá fún iwin, ohun tí Weekes rí nìyẹn.

Àmọ́ kò sí iwin kankan nínú ibi tó dùn mí jù. Rial dá jáde, ó ṣìnà láàárín àwọn ilé tó jọra wọn, ó wá rí ọmọkùnrin mẹ́ta, aláwọ̀ dúdú bíi tirẹ̀. Ó lọ bá wọn kí wọ́n júwe ọ̀nà. Wọ́n fi bó ṣe ń sọ̀rọ̀ ṣẹ̀sín, wọ́n ní kó padà sí Áfíríkà. Ó rọrùn láti fi ọ̀rọ̀ yẹn sẹ́nu òyìnbó. Ẹnu ọmọ tiwa ni Weekes fi í sí.

Òtítọ́ ló sọ. Mo ń gbọ́ ọ lẹ́nu wa níbi ìnáwó, mo ń kà á lórí WhatsApp: "Fíìsà làwa fi wọlé, a ò gun ọkọ̀ ojú omi. Owó orí wa ni wọ́n fi ń bọ́ wọn." Ẹ rántí ọjọ́ kẹrin oṣù kẹjọ ọdún 2024, nígbà tí àwọn jàǹdùkú ya bo hòtẹ́ẹ̀lì kan nítòsí Rotherham, tí wọ́n fẹ́ dáná sun ún pẹ̀lú àwọn aṣàtìpó tó wà nínú rẹ̀. Lọ́sẹ̀ yẹn, ta ló ń béèrè fíìsà kó tó lu aláwọ̀ dúdú lójú títì? Láti 1968 ni fíìmù adẹ́rùbani ti ń sọ fún wa pé ẹni tó kórìíra wa kì í béèrè ẹni tá a jẹ́. Nínú Night of the Living Dead, Ben, tí Duane Jones ṣe, bá òkú jà mọ́jú; ilẹ̀ mọ́ tán, àwọn òyìnbó tó ń dọdẹ òkú kiri yìnbọn pa á. Wọn ò bi í léèrè ohunkóhun.

Ohun tí mo fẹ́ ká ṣe rèé. Lábẹ́ òfin, ẹni tó ń tọrọ ààbò gbọ́dọ̀ dúró fún oṣù 12 kó tó lè tọrọ àyè láti ṣiṣẹ́, iṣẹ́ tó wà lórí ìwé ìjọba nìkan ló sì lè ṣe. Ní 2024, pọ́n-ùn 49.18 ni owó oúnjẹ àti aṣọ rẹ̀ lọ́sẹ̀. Nọ́ọ̀sì, wẹ́dà, tíṣà, wọ́n káwọ́ gbera nínú yàrá, àwa kan náà sì ń pè wọ́n ní ọ̀lẹ! Àwọn tó ń ṣe ìpolongo Lift the Ban ń béèrè pé kí oṣù 12 náà di 6, kí ẹni tó ń tọrọ ààbò sì lè ṣe iṣẹ́ tó bá wù ú. Ẹ jẹ́ ká dara pọ̀ mọ́ wọn.

Ẹ pe ọ̀rẹ́ àti ìyekan sí pálọ̀ yín, ẹ jọ wo fíìmù náà. Bí àwọn aṣàtìpó bá wà ládùúgbò yín, ẹ pè wọ́n, kí ẹ jọ jẹun. Kí àwọn àlejò tó túká, kí olúkúlùkù kọ lẹ́tà sí MP rẹ̀ pé kó ti ìbéèrè yìí lẹ́yìn. Ẹ̀yin tí pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà ṣì wà lọ́wọ́ yín, bí ẹ bá ní ìwé ìgbélùú, ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti dìbò níbí, títí kan ìbò ilé aṣòfin. Ọ̀pọ̀ wa ni kò mọ̀. Ẹ lọ forúkọ sílẹ̀, kí ẹ sì sọ ọ́ nínú lẹ́tà náà pé ẹ máa dìbò. Ẹ kọ orúkọ yín ní kíkún sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí MP rí i pé Yorùbá ló kọ ọ́ sí òun.