Ère Kékeré Kì í Ṣe Òrìṣà, Tẹ́tẹ́ Kì í Ṣe Eré

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń dùn mí. Ní Adó-Èkìtì lónìí, láti Ìjìgbò títí dé Baṣírì, géńdé ọkùnrin lè jókòó sí ṣọ́ọ̀bù tẹ́tẹ́ láti àárọ̀ Sátidé títí ilẹ̀ á fi ṣú, kó máa fi owó ilé-ìwé ọmọ rẹ̀ sórí bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń gbá ní ìlú tí kò lè tọ́ka sí lórí máàpù. Kò sẹ́ni tó máa pè é ní ọmọdé. Kò sí pásítọ̀ tó máa dá a dúró lójú ọ̀nà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí àgbàlagbà méjì to àwọn ọmọ-ogun oníke tí kò ga ju àtàǹpàkò lọ sórí tábìlì, kí wọ́n máa rò ó bí wọ́n ṣe máa gba òkè mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Kíá lẹ máa gbọ́: “Kí lẹ̀ ń bọ níbẹ̀ yẹn?” “Ṣé ẹ ò níṣẹ́ ni?” “Ẹ̀gbọ́n, dáìsì nìyẹn o, tẹ́tẹ́ ni.”

Ẹ̀sùn mẹ́ta nìyẹn: ìbọ̀rìṣà, ìwà ọmọdé, àti tẹ́tẹ́. Mo fẹ́ dá wọn lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan, nítorí èrò mi ni pé ìdíje eré ogun orí tábìlì yẹ ilẹ̀ Èkìtì gan-an, àti pé bí a ṣe ń kẹ́gàn irú eré bẹ́ẹ̀ wà lára ohun tó fi òpin ọ̀sẹ̀ àwọn ọ̀dọ́ wa sílẹ̀ fún oní-tẹ́tẹ́.

Fún ẹni tí kò mọ eré náà, bó ṣe rí nìyí. Ẹni méjì á kó ogun wọn wá. Ère kọ̀ọ̀kan ní iye pọ́ìǹtì tirẹ̀: akọni ogun wọ́n, ọmọ-ogun lásán ò wọ́n. Iye pọ́ìǹtì tí wọ́n gbà fún ẹnì kìíní náà ni wọ́n gbà fún ẹnì kejì, ká ní 2,000. Nítorí náà, bí o bá kó pọ́ìǹtì jọ sórí ẹranko abàmì kan ṣoṣo, ìwọ náà lo máa mọ ibi tí o ti máa rí ẹni ṣọ́ ẹ̀yìn rẹ. Rúlà ni wọ́n fi ń wọn ibi tí ọmọ-ogun lè rìn dé, dáìsì ló sì ń sọ bóyá ọfà ba ọ̀tá tàbí kò bà á. Kì í ṣe ẹni tó pa ènìyàn jù ló sábà máa ń borí. Ẹni tó bá di àwọn ibi pàtàkì orí pápá mú ni.

Nínú ìdíje òpin ọ̀sẹ̀, ìjà márùn-ún ló sábà máa ń wáyé, mẹ́ta ní Sátidé, méjì ní Sọ́ńdè, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì lè gbà tó wákàtí mẹ́ta. Wọn kì í lé ẹni tó pàdánù lọ sílé. Ẹni tó borí á tún pàdé ẹni tó borí, ẹni tó pàdánù á pàdé ẹgbẹ́ rẹ̀, títí ipò oníkálukú á fi hàn. Ẹ̀bùn wà fún ẹni tó kun ère rẹ̀ lọ́dà dáadáa. Ní ibi púpọ̀, ẹ̀bùn tún wà fún ẹni tí àwọn alátakò rẹ̀ jẹ́rìí sí pé ó bá àwọn ṣeré pẹ̀lú ìwà.

Ẹ̀sùn kìíní: ìbọ̀rìṣà. Ṣé ní Èkìtì la ti fẹ́ máa sá fún ère? Ẹ wo agọ̀ Ẹpa. Orí igi kan ṣoṣo ni agbẹ́gilére ti máa ń gbẹ́ jagunjagun tó gun ẹṣin, tó mú ọ̀kọ̀ dání, pẹ̀lú àwọn ènìyàn kéékèèké tó yí i ká. Ogun odindi lórí ẹnì kan ṣoṣo, ó sì tún ń fi í jó! Ẹ lè ní Ẹpa náà ọ̀rọ̀ ìṣẹ̀ṣe ni. Ó dáa, ẹ jẹ́ ká kúrò níbẹ̀, ká lọ sí ààfin Ògògà ní Ìkẹ́rẹ́. Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀, ẹni tí wọ́n bí ní Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, tó kú ní 1938, gbẹ́ ilẹ̀kùn kan síbẹ̀. Ohun tó gbẹ́ sára rẹ̀ ni ọjọ́ tí òyìnbó ìjọba, Captain Ambrose, wá kí ọba: wọ́n gbé òyìnbó náà rù, ọba jókòó sórí ìtẹ́ pẹ̀lú adé lórí. Ní 1924 wọ́n gbé ilẹ̀kùn yìí lọ sí àfihàn ńlá ní Wembley. British Museum ní àwọn fẹ́ ẹ, Ògògà sì gba ìtẹ́ tí wọ́n ṣe ní ìlú òyìnbó dípò rẹ̀. Ìròyìn ni Ọlọ́wẹ̀ kọ sórí igi. Kò sẹ́ni tó pa adìyẹ fún Captain Ambrose.

Bí ìyẹn ò bá tó, ẹ jẹ́ ká dé Ọ̀yẹ́-Èkìtì. Ní 1947 àwọn fádà Kátólíìkì, Kevin Carroll wà lára wọn, dá ilé-iṣẹ́ ọnà kan sílẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n pe àwọn ògbóǹtarìgì agbẹ́gilére: Bándélé, ọmọ Aréògún ará Ọ̀sì, wà níbẹ̀, ibẹ̀ náà ni Lamidi Fakeye ti kọ́ṣẹ́ sí i lọ́dọ̀ rẹ̀. Ọwọ́ tó ń gbẹ́ ère jagunjagun ni àwọn fádà ní kó bá wọn gbẹ́ ère Màríà àti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì. Ṣẹ́ ẹ rí i? Ó lé ní àádọ́rin ọdún tí ìjọ fúnra rẹ̀ ti mọ̀, ní àárín Èkìtì níbí, pé ọ̀tọ̀ ni ère, ọ̀tọ̀ ni òrìṣà. Ìforíbalẹ̀ ló ń sọ ọ̀kan di èkejì. Ta ló wá fẹ́ forí balẹ̀ fún ọmọ-ogun oníke tó ti kú lẹ́ẹ̀mẹta láàárín ọ̀sán kan, tí wọ́n sì kó padà sínú páálí bàtà?

Ẹ̀sùn kejì: eré ọmọdé ni. Àwọn ológun ni irú eré yìí ti wá. Ní 1824 ọ̀gá ológun Prussia kan, von Reisswitz, gbé tirẹ̀ síwájú àwọn àgbà ogun ibẹ̀, wọ́n sì fi ń kọ́ àwọn ọ̀gá ọmọ-ogun ní ìrònú ogun. Ní 1913, H. G. Wells, òǹkọ̀wé ńlá nì, kọ ìwé òfin eré ogun tí ẹnikẹ́ni lè fi ọmọ-ogun kékeré ṣe nínú ilé. Games Workshop bẹ̀rẹ̀ ní London ní 1975, ó gbé Warhammer jáde ní 1983, ère kéékèèké àti ìwé òfin ló ń tà. Ní oṣù Kejìlá 2024 ó wọ inú àwọn ilé-iṣẹ́ 100 tó ṣíwájú ní ọjà ìpín ìdókòwò London. Èwo nínú ilé-iṣẹ́ àwa tí a ní “a kì í ṣeré” ló wà níbẹ̀?

Àwa náà ṣáà mọ ohun tí eré orí tábìlì lè ṣe. Wellington Jighere gba ife-ẹ̀yẹ Scrabble àgbáyé ní Perth, Australia, ní 2015, òun ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó gbà á. Ní oṣù Kẹrin 2024 Túndé Ọ̀nàkọyà ta chess fún 60 wákàtí ní Times Square, ní New York, kí ó lè kówó jọ fún ẹ̀kọ́ àwọn ọmọdé. Àwọn tó ń pariwo “ẹ kú oríire” lọ́jọ́ náà, ọ̀pọ̀ wọn ló máa gba ọmọ tiwọn lójú bó bá gbé pátákó chess wọlé. A fẹ́ràn ife-ẹ̀yẹ, a ò fẹ́ràn ìjókòó tó bí i.

Ẹ̀sùn kẹta ló lágbára jù, mi ò sì ní fi ṣeré: dáìsì. Lóòótọ́, oríire wà nínú eré ogun. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀, torí èmi tí mò ń fi kọ̀ǹpútà jẹun, ìṣirò ni iṣẹ́ mi.

Ká ní ilé tẹ́tẹ́ ń yọ kọ́bọ̀ márùn-ún péré lórí náírà kọ̀ọ̀kan nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ó dà bí ohun kékeré. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá so ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́wàá pọ̀ sórí tíkẹ́ẹ̀tì kan, nǹkan bí 60 kọ́bọ̀ ni náírà rẹ̀ tó ní ìpíndọ́gba kí wọ́n tó gbá bọ́ọ̀lù rárá. Tó bá so ogún pọ̀, ó ti di nǹkan bí 36 kọ́bọ̀. Bó bá sì ti sanwó tán, kò sí ìpinnu kankan tó kù fún un láyé yìí. Ó kàn máa jókòó, á máa bú agbábọ́ọ̀lù ni.

Ẹ wá wo orí tábìlì. Mo ní tafàtafà ogún, dáìsì kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ dá 4, 5 tàbí 6 kí ọfà tó bà. Mẹ́wàá ni kí n máa retí. Pé kó má tilẹ̀ tó mẹ́fà, nǹkan bí ẹ̀ẹ̀mejì nínú ọgọ́rùn-ún ni irú ẹ̀ lè ṣẹlẹ̀. Ẹni tó mọ èyí kì í gbé ogun rẹ̀ sí ibi tó jẹ́ pé bí mẹ́sàn-án bá bà, tí kò pé mẹ́wàá, ó kú. Á fi ẹ̀ṣọ́ pamọ́ sẹ́yìn òkè. Nínú ìdíje ọjọ́ méjì, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìgbà lèèyàn máa da dáìsì. Oríire ẹni á wá, á lọ. Ìpinnu ẹni ló máa ṣẹ́kù. Ohun tí mo fẹ́ kí ọmọ ogún ọdún kọ́ nìyẹn: kó mọ ewu, kó wọ̀n ọ́n, kó sì pinnu. Ohun tí ṣọ́ọ̀bù tẹ́tẹ́ ń kọ́ ọ ni pé kó san owó, kó sì máa retí.

Mo gbà pé ààlà gbọ́dọ̀ wà. Bí a bá fi owó sórí eré ogun, ó ti di tẹ́tẹ́, kó má wọlé rárá. Owó ìwọlé kò gbọ́dọ̀ ju èyí tó máa sanwó gbọ̀ngàn àti epo jẹnẹrétọ̀ lọ. Ẹ fún ẹni tó borí ní ìwé àti ọ̀dà.

Ẹnì kan máa ní, “Owó ère náà ńkọ́? Ti òyìnbó wọ́n.” Òótọ́ ni, torí náà kí ló dé tí a ó fi máa ra ti òyìnbó? Òfin eré tí wọ́n ń pín lọ́fẹ̀ẹ́ wà. One Page Rules wà lára wọn, wọ́n sì ní ère yòówù téèyàn bá ní ló lè lò. Páálí tí a gé tó. Amọ̀ tó. Igi tó, ní ilẹ̀ tí Ọlọ́wẹ̀ ti ṣiṣẹ́. Ìtàn náà ńkọ́? Láti 1938 ni Fágúnwà ti kó ogun fún wa nínú Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀: Kàkó oníkùmọ̀, Èfòìyẹ̀ tafàtafà, Olóhùn-iyọ̀ tó ń fi ohùn tu ọ̀tá lójú, Ìmọ́dòye ọlọ́gbọ́n. Oníkálukú pẹ̀lú agbára tirẹ̀ àti àlébù tirẹ̀. Ẹni tó bá ti kó ogun pọ́ìǹtì jọ rí á mọ̀ pé iṣẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí.

Ẹ sì jẹ́ ká gbé Kírìjì sórí tábìlì. Láti 1877 dé 1893 ni ogun yẹn fi wà láàárín Ìbàdàn àti Èkìtìparapọ̀. Nílé-ìwé, ohun tí ọmọ ń kọ́ ni orúkọ Fábùnmi, Ògèdèngbé àti Látóòsà, kó kọ wọ́n sílẹ̀, kó gba máàkì. Ṣùgbọ́n kí ló dé tí ogun tó lágbára jù nílẹ̀ Yorùbá fi wà níwájú òkè fún ọdún mẹ́rìndínlógún láìlè gbà á? Ẹ gbé òkè kalẹ̀. Ẹ fún Èkìtìparapọ̀ ní ìbọn ìgbàlódé tí àwọn ọmọ wọn ní Èkó fi ránṣẹ́, èyí tí ìró rẹ̀ fún ogun náà lórúkọ. Ẹ dí ọ̀nà etíkun mọ́ Ìbàdàn lójú bí Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú ṣe dí i. Kí ọmọ JSS 2 wá jókòó sípò Látóòsà, kó wá ọ̀nà àbáyọ, kí ẹtù sì máa tán mọ́ ọn lọ́wọ́. Nígbà tó bá fi máa di ìrọ̀lẹ́, á ti yé e ìdí tí àdéhùn fi wáyé ní 1886, á sì tún béèrè ìdí tí wọn ò fi tú àgọ́ ká títí di 1893. Olùkọ́ wo ni kò wù kí ọmọ béèrè irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀?

Ilẹ̀ Iyì, Ilẹ̀ Ẹ̀yẹ là ń pe ara wa. Yunifásítì wà ní Adó, ó wà ní Ọ̀yẹ́, ó wà ní Ìkẹ́rẹ́. Gbọ̀ngàn tó ṣófo ní Sátidé kò wọ́n wa. Tábìlì mẹ́jọ, ènìyàn mẹ́rìndínlógún, iye tí a sábà máa ń ka àwọn ìlú Èkìtì àtijọ́ sí, kí oníkálukú gbé ogun ìlú tirẹ̀ wá. Kí pásítọ̀ tí ẹ̀rù ère ń bà wá jókòó tì wá, kó fojú ara rẹ̀ wò ó. Bó bá ti rẹ̀ ẹ́, kó kọjá sí ṣọ́ọ̀bù tẹ́tẹ́ tó wà ní òdìkejì títì, kó ka iye ọmọ ìjọ rẹ̀ tó bá níbẹ̀.