"Nẹ́tíwọ́ọ̀kì Ni" Kì í Ṣe Ìdáhùn

Gbólóhùn kan wà tí àwọn iléeṣẹ́ tó ń ta íntánẹ́ẹ̀tì fún ilé wa fi ń pa wá lẹ́nu mọ́: "Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni." Bí fídíò kò bá ṣí, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Bí dátà oṣù kan bá tán lọ́sẹ̀ méjì, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Bí ímeèlì ẹni bá kọ̀ tí kò jáde láti àárọ̀ di alẹ́, nẹ́tíwọ́ọ̀kì náà ni. Èmi ò gbà. Lórí ọ̀rọ̀ ímeèlì tí kì í jáde yìí, ọ̀pọ̀ ìgbà ni iléeṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ti ilẹ̀kùn, tó sì fi kọ́kọ́rọ́ pamọ́ sápò láìsọ fún onílé.

Nẹ́tíwọ́ọ̀kì máa ń bàjẹ́ lóòótọ́, ẹ má jẹ́ ká purọ́ mọ́ wọn. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, àwọn wáyà tó gba abẹ́ òkun wá sí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ìyẹn WACS, ACE, SAT-3 àti MainOne, bàjẹ́ nítòsí Abidjan. Ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ló kàn, àwọn báńkì Nàìjíríà pàápàá ò rí iṣẹ́ ṣe bó ṣe yẹ. Ẹni tó bá sọ fún oníbàárà rẹ̀ lọ́jọ́ náà pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni, òótọ́ ló sọ. Ṣùgbọ́n ìṣòro tí mò ń wí yàtọ̀ síyẹn. WhatsApp ń lọ, YouTube ń lọ, ímeèlì àwọn ẹlòmíràn ń wọlé sórí kọ̀ǹpútà rẹ, tìrẹ nìkan ni kò jáde. Báwo ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì ṣe máa rọ ní ẹsẹ̀ kan, kí ẹsẹ̀ kejì máa jó?

Ìdí rẹ̀ ni pé ímeèlì tó ń wọlé àti èyí tó ń jáde kì í gba ẹnu ọ̀nà kan náà. Pọ́ọ̀tù ni àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà ń pe ẹnu ọ̀nà yìí, nọ́ńbà sì ni wọ́n fi ń dá wọn mọ̀. Ní ọdún 1982, ọ̀gbẹ́ni Jon Postel ní Amẹ́ríkà kọ ìlànà tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀ lé láti fi ímeèlì ránṣẹ́ síra wọn, èyí tí wọ́n ń pè ní SMTP. Pọ́ọ̀tù 25 ni ímeèlì ń gbà. Láyé ìgbà náà, 25 kò ní ẹ̀ṣọ́: kò béèrè orúkọ, kò béèrè password. Àwọn oníjìbìtì wá rí i. Wọ́n á fi fáírọ́ọ̀sì sínú kọ̀ǹpútà onílé, kọ̀ǹpútà náà á sì máa da ẹgbẹẹgbẹ̀rún lẹ́tà ìtànjẹ síta lóru nígbà tí olówó rẹ̀ ń sùn. Nítorí náà, ní 1998, wọ́n ya pọ́ọ̀tù 587 sọ́tọ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ fi lẹ́tà tirẹ̀ ránṣẹ́. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń béèrè ẹni tí o jẹ́. Nígbà tó yá, àwọn iléeṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì ní Amẹ́ríkà, ní Japan àti níbi púpọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ti 25 mọ́ àwọn onílé.

Mi ò bá wọn jà pé wọ́n tì í. Àwa tí gbogbo ayé ń fi nọ́ńbà 419 inú ìwé òfin wa bú, àwa kọ́ ló yẹ ká máa bínú sí ilẹ̀kùn tí wọ́n tì mọ́ oníjìbìtì. Ìdákẹ́ wọn ni mo ń bá jà. Comcast, iléeṣẹ́ ńlá kan ní Amẹ́ríkà, kọ gbogbo pọ́ọ̀tù tó tì síta fún àwọn oníbàárà rẹ̀ pẹ̀lú ìdí tó fi tì wọ́n, 25 sì wà níbẹ̀. Kí ló dé tí tiwa fi jẹ́ àṣírí? Bí ọ̀nà bá dí lábẹ́ bíríìjì Ìwó Road, àwọn awakọ̀ á máa pariwo síra wọn pé, "Ọ̀nà ti dí o, ẹ gba Bàṣọ̀run!" Kò sẹ́ni tó san owó oṣù fún wọn kí wọ́n tó sọ ọ́.

Bàbá mi ń ṣe iṣẹ́ ìtẹ̀wé nítòsí Ìwó Road yìí: káàdì ìgbéyàwó, ìwé ètò ìsìnkú, rìsíìtì. Ilé ló ti máa ń dáhùn ímeèlì àwọn oníbàárà lálẹ́. Lọ́dún tó kọjá, ó fi iléeṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì tó ń lò sílẹ̀ torí owó wọn ti ga jù, ó bọ́ sọ́dọ̀ òmíràn. Láti ọjọ́ náà, lẹ́tà ń wọlé, ṣùgbọ́n èsì tirẹ̀ jókòó sínú Outbox bí èrò tó ń dúró de ọkọ̀ Òṣogbo tí kò kún. Ó pè wọ́n. "Ẹ má bínú sà, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Ẹ pa ráútà yín, kí ẹ tún un tàn." Ó pa á, ó tàn án. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n ní kó pa gbogbo ètò orí ráútà rẹ́, kó bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n ní bóyá kó ra dátà tó jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì rà á. A kì í fi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá, ohun tí wọ́n sì ní kí bàbá mi ṣe gan-an nìyẹn. Iléèwé kan tó fẹ́ tẹ káàdì èsì ìdánwò ń retí kó sọ iye tó máa gbà. Wọn ò gbọ́ nǹkan kan, wọ́n gbé iṣẹ́ fún ẹlòmíràn.

Bọ̀ọ̀dá kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ gáréèjì ló yanjú ẹ̀. Kò tú ohunkóhun. Ó ní, "Dádì, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbé e sórí dátà fóònù mi ná." Ó fi lẹ́tà kan ránṣẹ́, ó lọ wẹ́rẹ́. "Ẹ rí i, ara kọ̀ǹpútà yín dá. Íntánẹ́ẹ̀tì ilé yín ló ń dá a dúró." Ó ṣí ibi ètò ímeèlì, ó pa 25 rẹ́, ó kọ 587 síbẹ̀, ó sì ní kó máa lo password láti fi ránṣẹ́. Kò ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Ẹgbẹ̀rún kan náírà ló gbà.

Ṣé bọ̀ọ̀dá yìí kàwé ju àwọn tó ń dáhùn fóònù lọ ni? Ó kàn wádìí ni. Kọ̀ǹpútà máa ń kọ ohun tó ń ṣe é sójú rẹ̀. Bó bá kọ 535, password ni wọn ò gbà. Bó bá kọ 550, ọ̀dọ̀ ẹni tí a ń kọ̀wé sí ni wọ́n ti dá a padà, ọ̀pọ̀ ìgbà ló sì jẹ́ pé àdírẹ́sì náà kò sí. Bí ohun tí a so mọ́ lẹ́tà bá ju 25 MB lọ, Gmail ò ní gbé e bẹ́ẹ̀; bí àyè 15 GB tí Google ń fún ni lọ́fẹ̀ẹ́ bá kún, lẹ́tà ò ní jáde, òmíràn ò sì ní wọlé. Ṣùgbọ́n bó bá dúró títí tó fi sú u láìrí ẹni dá a lóhùn, tó sì jẹ́ pé ó ń lọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì mìíràn, ẹ fura sí ilẹ̀kùn. Ta ni kò lè kọ́ ẹni tó ń dáhùn fóònù ní èyí?

Àwọn kan á ní ta ló tún ń lo ímeèlì nígbà tí WhatsApp ti dé. Kí wọ́n fi WhatsApp kọ̀wé sí ẹ́ḿbásì wò. Àwa tó kù díẹ̀ ká ṣe JAMB mọ̀ pé wọ́n ń béèrè àdírẹ́sì ímeèlì. Àwọn mìíràn á ní kí bàbá mi ṣáà máa lo Gmail lórí browser, torí pé ìyẹn kì í gba 25. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n àdírẹ́sì tó ní orúkọ iṣẹ́ rẹ̀ ló wà lára gbogbo káàdì tó ti pín, owó ló sì fi rà á. Ẹni tó gba owó ilé lọ́wọ́ mi, tó wá ti ilẹ̀kùn, kò gbọdọ̀ ní kí n máa gba ojú fèrèsé.

Ẹ̀yin òbí, bí wọ́n bá tún sọ fún yín pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni, ẹ bi wọ́n pé: "Ṣé ẹ ti pọ́ọ̀tù 25?" Ẹ gba nọ́ńbà ẹ̀sùn yín lọ́wọ́ wọn, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Bí wọn ò bá dáhùn, ẹ pe 622, nọ́ńbà ọ̀fẹ́ ti NCC, àjọ ìjọba tó ń mójú tó wọn. NCC náà yẹ kó fi dandan lé e pé kí ìwé pélébé kan máa wà nínú páálí ráútà. Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n sọ pé oníbàárà ò ní lóye rẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá fẹ́ gbowó wa, Yorùbá ni wọ́n fi ń polówó lórí rédíò. Kí wọ́n fi Yorùbá náà kọ ìlà mẹ́ta sínú ìwé ọ̀hún: pọ́ọ̀tù tí wọ́n tì, ìdí tí wọ́n fi tì í, àti èyí tí a lè gbà dípò rẹ̀.