Ẹ Má Fi Ẹsẹ̀ Fún Bóòtù Táyà Mọ́

Àwa tí à ń pààrọ̀ táyà mọ́tò fúnra wa nílé, ọ̀rọ̀ yìí kàn wá. Lọ́jọ́ kan, ẹsẹ̀ ni mo fi tẹ sípánà kí bóòtù táyà lè le. Lójú ọ̀nà Pobè, méjì já nínú mẹ́rin. Ọlọ́run ló yọ mí. Bóòtù tó dẹ̀ á tú. Èyí tó le jù á já.

Tèmi ni pé ká dáwó jọ, ká ra clé dynamométrique kan, ìyẹn sípánà tó ń wọn agbára tá a fi ń fún bóòtù. Nm ni wọ́n ń kọ sí i lára. Bóòtù táyà mọ́tò kékeré sábà máa ń gba 80 sí 120 Nm. Ìwé mọ́tò yín ló máa sọ iye rẹ̀ gan-an. Ẹ ra èyí tó lọ láti 40 dé 200. Ó tóbi jù fún búùjì alùpùpù o. Tó bá ti dún kẹ́ẹ́, ẹ dúró. Ẹ má fi tú bóòtù. Tẹ́ ẹ bá ṣe tán, ẹ dá a padà sí nọ́ńbà tó kéré jù.

Owó ẹ̀ kò kéré, àmọ́ ẹ̀mí ò ṣeé rà lọ́jà.